Ohun Tó Ń Gbé Inú Omi Kíkan

Ọkùnrin náà ò tíì jókòó tán sórí bẹ́ǹṣì ìta tí Miriam ti mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó di ìkúùkù ọwọ́ ọ̀tún, ó fi tẹ abẹ́ igbá àyà, ó wá tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni Miriam tíì rí tó ń jókòó báyẹn, ẹni náà sì ti kú láti ìgbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Festus Àjíṣafẹ́," ni Charity, tó ń gba àlejò, pè láti ìta. "Ẹ̀yin ni mo pè o, ẹ máa wọlé."

Ilé àyẹ̀wò náà wà ní òpópónà Egbeda sí Ìdímù, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táìlì. Ó ti pẹ́ tí Miriam ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́, kò sí èyí tó ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó fẹ́ fa àga fún ọkùnrin yìí, ńṣe ló fà á ṣubú.

Festus ò dá a mọ̀. Báwo ni ì bá ṣe dá a mọ̀? Ọmọ ogún ọdún ó lé ni Festus nígbà tí wọ́n lé Miriam àti ìyá rẹ̀ kúrò nílé, Miriam sì jẹ́ ọmọ kékeré tí wọ́n gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúkọ tó wà lórí káàdì ọrùn rẹ̀ báyìí ni M. Ọlátúnbọ̀sún. Orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ nìyẹn.

"Oògùn wo lẹ ń lò, sà?"

"Èwo ni mi ò lò tán? Èyí funfun tí wọ́n ń mì nínú ìgò. Àti kápúsù kan tí wọ́n ń tà fún mi ní kẹ́míìsì àdúgbò wa ní Ìkòtún. Ọjọ́ tí mi ò bá lò ó, àfi bíi kí wọ́n máa fi abẹ fá inú mi."

"Dókítà tó rán yín wá ò sọ pé kẹ́ ẹ dá kápúsù yẹn dúró ná?"

"Ó lè ti sọ ọ́. Tí inú bá ń ta èèyàn, etí kì í gbọ́ nǹkan púpọ̀."

"Ẹ máa lọ sílé, sà. Ẹ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó padà wá. Kápúsù yẹn ń dín omi kíkan inú kù. Tí omi yẹn bá ti lọ sílẹ̀, kòkòrò tá à ń wá á kàn rọra dákẹ́ síbẹ̀. Àyẹ̀wò á wá sọ pé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà."

Festus wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ gbé ilé wá. Ó dìde, ó tún fi ìkúùkù tẹ inú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ní gbogbo ìyókù ọjọ́ yẹn, Miriam ò rójú. Ó kọ orúkọ ẹlòmíì sí ara ìgò ẹ̀jẹ̀ kan, ó pa á rẹ́, ó tún kọ èyí tí kò tọ̀nà. Charity gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba atẹ́gùn díẹ̀. Ẹ máa kó wa sí wàhálà."

Aránṣọ ni bàbá Miriam ní Ìkòtún. Aṣọ àdúrà funfun ló ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà, òun pàápàá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyàwó méjì ló ní. Ìyá Festus ni ìyálé, ó bí ọmọ mẹ́rin. Susanna, ìyá Miriam, ni ìyàwó kékeré. Nígbà tí ilé ṣì dùn, abọ́ kan náà ni gbogbo ọmọ fi ń bá bàbá jẹun, bàbá sì máa ń fi eyín ya ẹran fún àwọn tó kéré jù. Inú ti ń run ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mu àgbo, ó mu omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó gbààwẹ̀ pẹ̀lú ìjọ, ìrora á lọ, ìrora á tún padà.

Ọ̀sán Sunday kan, ó jẹ nínú ọbẹ̀ tí Susanna sè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀jẹ̀. Kò débi tí wọ́n ń gbé e lọ tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Adéwọlé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ohun tí èèyàn jẹ tó wá mú ẹ̀jẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, àìsàn kọ́ nìyẹn. Wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ náà sí àárín àgbàlá, wọ́n ní kí Susanna jẹ ìyókù. Ó fi ọwọ́ jẹ ẹ́ kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, nǹkan kan ò ṣe é. Bàbá Adéwọlé ní ó ti lo ẹ̀rọ̀ kó tó sè é ni. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta.

Bóyá Miriam ì bá ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ àyẹ̀wò nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ara wọn dánra wò, wọ́n sì rí kòkòrò ọgbẹ́ inú nínú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ò run ún rí. Olùkọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri tí kò ní mọ̀ láyé, pé láti kékeré ni, láti ẹnu sí ẹnu nínú ilé. Ó lo oògùn, kòkòrò náà lọ. Ìrònú abọ́ bàbá rẹ̀ ni kò lọ.

Ìyá rẹ̀ ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú yàrá iwájú ilé wọn ní Egbeda. Nígbà tí Miriam délé, ọmọ kan ń sùn léjìká Susanna, òmíràn ń rá kiri lórí ẹní.

"Festus wá sí ibi iṣẹ́ wa."

Susanna gbé ọmọ sí èjìká kejì. "Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ó ti gbẹ. Inú ń run ún bíi ti Dádì gẹ́lẹ́."

"Ọmọ dáadáa ni Festus. Òun ló bá mi gbé àpótí mi dé títì lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú mi."

"Màmi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Bíi ti Dádì gẹ́lẹ́. Tí àyẹ̀wò bá fi kòkòrò yẹn hàn, mo máa sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un."

"Tó o bá sọ ọ́, kí lo fẹ́ kó ṣe?"

Miriam gbé àwo tó wà lórí tábìlì lọ sí ìdáná, ó tún gbé e padà wá. "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀."

"Èmi mọ̀. Ó tó mi," ni Susanna wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọmọ náà lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá dún lórí àtẹ̀gùn, Miriam á yọjú. Nígbà tí Festus padà wá, ó tún ti gbẹ sí i, ètè rẹ̀ ti funfun. Miriam po yùríà, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò náà, mọ́ omi ọsàn kíkan, ó gbé ife náà fún un. Festus tọ́ ọ wò, ó fa ojú ro.

"Inú ń jó mi, ẹ wá ń fún mi ní nǹkan kíkan?"

"Kí ilẹ̀kùn lè ṣí ni, sà."

"Ilẹ̀kùn wo?"

Miriam jókòó níwájú rẹ̀. "Omi tó wà nínú ikùn èèyàn lè pa ọ̀pọ̀ kòkòrò kíá. Àmọ́ ọ̀kan wà tó lè gbé ibẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ara rẹ̀, ọ̀nà tín-ín-tín sì wà lára awọ náà. Tí omi kíkan bá yí i ká, ọ̀nà yẹn á ṣí. Yùríà tó wà nínú ara wa, irú èyí tó ń bá ìtọ̀ jáde, á gbabẹ̀ wọ inú kòkòrò náà. Á fọ́ ọ, á fi ṣe atẹ́gùn kan tó máa ń rùn bí ìtọ̀ àná. Atẹ́gùn yẹn ló fi ń dín kíkan omi náà kù. Ohun tó fi ń yè nìyẹn."

"Kí ló dé tí kì í kúkú ṣí i sílẹ̀ gbayawu?"

"Tó bá ṣí i sílẹ̀ nígbà tí omi ò kan, atẹ́gùn yẹn á pọ̀ jù fún òun fúnra rẹ̀, á pa á. Tí omi bá kan, á ṣí. Tí kò bá kan mọ́, á tì."

"Ó gbọ́n ṣá."

"Kò gbọ́n, sà. Bó ṣe rí nìyẹn. Yùríà tí mo fi sínú ife yìí ní àmì. Tí kòkòrò náà bá wà níbẹ̀ tó sì fọ́ ọ, àmì yẹn á bá èémí yín jáde. Ẹ óò fẹ́ atẹ́gùn ẹnu yín sínú àpò yìí tó bá ṣe díẹ̀."

Festus mu ún tán. Wọ́n ń dúró. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Bàbá mi náà ní inú rírun. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló pa wọ́n. Wọ́n fún wọn ní nǹkan jẹ ni."

Miriam dìde. Ó ṣí fíríìjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, ó wo inú rẹ̀ láìrí nǹkan kan. Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó wo àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá nísàlẹ̀, ó padà wọlé, ó tún jáde. Nígbà tí àkókò tó, ó na àpò náà sí Festus láìwojú rẹ̀. Festus fẹ́ ẹ. Miriam gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, ó sì dúró tì í títí ẹ̀rọ fi sọ tẹnu rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ó sì pọ̀."

"Níbo ni mo ti kó o?"

"Ó sábà máa ń jẹ́ láti kékeré, nínú ilé. Ta lẹ máa ń bá jẹun nínú abọ́ kan?"

"Bàbá mi ni. Gbogbo wa. Wọ́n máa ń fi eyín ya..."

"Wọ́n máa ń fi eyín ya ẹran fún wa," ni Miriam wí. "Èmi náà jẹ nínú rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Festus."

Festus wò ó, ó wo káàdì ọrùn rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. "Ọmọ Àǹtí." Àǹtí ni gbogbo wọn ń pe Susanna nígbà náà.

"Èmi ni."

"Ohun tó o wá fẹ́ sọ ni pé a purọ́ mọ́ wọn."

"Mi ò lè sọ ohun tó pa Dádì. Kò sẹ́ni tó yẹ inú wọn wò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kòkòrò yìí wà nínú yín, ó sì wà nínú èmi náà kí n tó lo oògùn. Ọgbẹ́ tó bá pẹ́ níkùn lè jẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tó bá jẹ ẹ́ já, ẹ̀jẹ̀ á tú, ohun yòówù kéèyàn jẹ lọ́jọ́ náà."

Festus ti dìde. Ojú rẹ̀ wà lára ife òfìfo tó wà lórí tábìlì. "Ta ló mọ ohun tó o pò fún mi mu?"

Ó ku díẹ̀ nínú omi náà nínú jọ́ọ̀gì tó fi pò ó. Miriam gbé jọ́ọ̀gì náà, ó gbé e dé ètè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e kalẹ̀.

"Rárá. Mi ò ní mu ún. Ìyá mi jẹ ọbẹ̀ yẹn tán, ẹ ò gbà wọ́n gbọ́."

Festus jáde láìdúró gba èsì rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbẹ̀rù mìíràn ti dé bá Miriam. Tí Festus bá padà sídìí kápúsù rẹ̀ ńkọ́, tí ìrora sì rọlẹ̀, tí ọgbẹ́ ń jinlẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀? Ó fẹ́ pè é, ó mú fóònù, ó tún gbé e sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìkòtún, ó dúró ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé bàbá rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà nígbà náà, wọ́n ti ń ta bátìrì níbẹ̀ báyìí. Kò wọlé. Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wo eruku ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bi í ní nǹkan kan.

Festus fúnra rẹ̀ ló padà pè.

"Mo lọ síbòmíì," ló wí. "Ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ohun kan náà ni wọ́n rí."

"Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ oògùn?"

"Mo ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi mélòó kan ni wọ́n ní kí n lò pọ̀, ẹnu mi korò bí ewúro."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ má dá a dúró kó tó tán, kódà tí inú bá ti tù yín."

"Miriam. Màmá náà ń di inú mú. Ó ti pẹ́. Mo fẹ́ mú wọn wá. Kì í ṣe Abúlé Ẹ̀gbá o. Ọ̀dọ̀ rẹ ni."

Nígbà tí Miriam sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, kò retí ìdáhùn. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá ṣe àyẹ̀wò yìí, ohun tí Susanna sì máa ń sọ ni pé inú ò run òun. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé tí Festus fẹ́ mú ìyá rẹ̀ wá, kí Miriam tó wẹ̀ tán, Susanna ti wọṣọ, ó ti wé gèlè, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi náà fẹ́ ṣe é," ló wí.

Orí bẹ́ǹṣì ni Susanna wà nígbà tí Festus mú ìyá rẹ̀ dé, tó di ìgúnpá rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn. Ìsìn òwúrọ̀ ni wọ́n ti bọ̀, aṣọ àdúrà ṣì wà lọ́rùn Ìyá Festus, kò wọ bàtà. Susanna dìde, ó tẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì débi tó lè tẹ̀ ẹ́ dé.

"Ẹ káàárọ̀, ìyálé mi."

Ìyá Festus wò ó láti gèlè dé ẹsẹ̀. "Ìyàwó. Ìwọ náà ti darúgbó."

"A dúpẹ́, mà."

Wọ́n jókòó, àyè ẹnì kan wà láàárín wọn. Miriam po omi kíkan sínú ife méjì, ó gbé e wá. Susanna mu tirẹ̀. Ìyá Festus gbé tirẹ̀ lé itan, kò mu ún.

"Festus sọ ọ̀rọ̀ kòkòrò àti ilẹ̀kùn fún mi," ló wí, ojú rẹ̀ sì wà nínú ife. "Kò yé mi tán. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́, Ìyàwó. Lọ́jọ́ ọbẹ̀ yẹn, kí ló dé tó o fi jẹ ẹ́ tán tó ò sọ̀rọ̀?"

"Ohun tí mi ò bá sọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Sọ ọ́."

"Mo lọ pọn omi. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ẹ ṣí ìkòkò mi, ẹ ta ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ lá a, ẹ tún ta á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú ọbẹ̀ mi, ìyálé mi. Láti ọjọ́ yẹn lẹ ti mọ̀."

Ó dà bíi pé gbogbo ariwo títì ló dákẹ́ létí Miriam. Nínú gbogbo ọdún tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ gbé nínú yàrá kan, kò gbọ́ ọ rí.

"Màmá?" ni Festus wí. Ìyá rẹ̀ ò gbójú sókè.

"Tí mo bá sọ ọ́ nígbà yẹn," ni Susanna tẹ̀ síwájú, "Adéwọlé á ní ẹ̀yin lẹ da nǹkan sí i nígbà tí ẹ ṣí i. Ẹ̀yin ni wọn ì bá lé síta pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Èmi, ọ̀kan péré ni mo ní. Ọmọ kan ṣeé gbé rìn."

Ìyá Festus gbé ife náà sókè, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó nu ẹnu.

"Mo rò pé o ò rí mi ni," ló wí.

Miriam ò lè dúró. Ó bọ́ síta, ó di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Inú ń bí i sí obìnrin tó wọ aṣọ funfun yẹn, ó sì ń bí i sí ìyá tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìyá rẹ̀ jẹ́ kó máa wá ẹ̀rí kiri inú èémí àwọn èèyàn, nígbà tí ẹ̀rí ti wà nílé. Charity jáde wá, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Àǹtí, àkókò àti fẹ́ àpò ti tó."

Ó wọlé. Àyè tó wà láàárín àwọn ìyá méjèèjì ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ àpò tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ní kòkòrò náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Festus mú ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Adéwọlé, ó pe ìyókù ẹbí jọ. Ìyá Festus sọ níwájú wọn pé òun tọ́ ọbẹ̀ Susanna wò kí ọkọ àwọn tó jẹ ẹ́, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Festus sọ ti kòkòrò. Bàbá Adéwọlé, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ríran mọ́, ní kò sí kòkòrò tó lè gbé inú omi tó ń jó ẹran, àti pé kí wọ́n má fi èébú bo òkú. Àwọn kan nínú ẹbí pe Susanna, wọ́n ní kó má bínú. Àwọn mìíràn ò pè. Miriam fẹ́ lọ bá bàbá náà nílé, kó sọ ọ́ sí i létí. Susanna ní kó fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Àwọn ìyá méjèèjì lo oògùn. Nígbà tí àkókò àyẹ̀wò kejì tó, ti Ìyá Festus ti mọ́. Ti Susanna ò lọ. Miriam tún àyẹ̀wò náà ṣe, ohun kan náà ló rí. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ.

"Kí lò ń sunkún sí?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ṣé oògùn mìíràn ò sí mọ́ ni?"

"Ó wà. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ."

"A óò lò ó nìyẹn."

Dókítà tí wọ́n júwe fún wọn wà ní Ìgandò. Festus ló gbé mọ́tò rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ sì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kó wá. Ó sún fún Susanna. Iwájú ni Miriam jókòó sí. Kí wọ́n tó kúrò ní Egbeda, àwọn ìyá méjèèjì ti ń jiyàn lórí ẹni tí oògùn ba ẹnu rẹ̀ jẹ́ jù, Ìyá Festus ní òun ò rí omi mu fún odidi ọ̀sẹ̀, Susanna ní irọ́ ni, pé wọ́n kàn ń kẹ́ ìyálé òun bàjẹ́ ni. Festus ń rẹ́rìn-ín sínú. Miriam ò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń bojú wẹ̀yìn ṣáá, ó ń wò wọ́n.